Ọkọ̀ Ojú Irin Tí A Yàn fún Bàbá

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Moniya, tí gbogbo ayé ń lọ wò ó, ọdún yẹn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ mú bàbá àwọn ọmọ mi. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà nínú ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àgbàdo ti ń yọmọ lóko wa ní Erunmu.

Apá òsì wọn kú, ohùn wọn náà lọ. Kò sí ohun tó ṣe apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e. Bí a bá gbé wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, ibi tí a gbé ọwọ́ náà sí lórí itan ni a ó bá a nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá na iṣan wọn ní kí a wá iṣẹ́ fún ọwọ́ yẹn, ohun tí ọkàn wọn fẹ́. Ó ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò máa jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èmi náà gbọ́ ọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo sì lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Iṣẹ́ reluwé ni bàbá ṣe nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Àwọn ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ọkọ̀ àtijọ́, èyí tí ooru omi ń tì sáré, tó máa ń gba Erunmu kọjá lọ sí Òṣogbo. Bí wọ́n bá délé, eyín nìkan ló máa ń funfun lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní London, ó ní òun ti mọ ohun tí òun yóò rà. Ó ní wọ́n máa ń ṣe irú ọkọ̀ yẹn ní kékeré lọ́hùn-ún, wọn yóò kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, ẹni tó bá rà á ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó títí yóò fi di odindi. Ó fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní kí a yan ọ̀kan.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn mi. Àbúrò bàbá wà níjókòó. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni. Bí mo ṣe darúgbó tó yìí, ìyàwó ló ń pè mí.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ igi, ẹ̀yà rẹ̀ tóbi, bí ohun ìṣeré ọmọdé. Èkejì jẹ́ irin àti idẹ, ó ní ìkòkò omi nínú, èèyàn lè dáná sí i kó sì sáré ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta tóbi jù, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ń dán. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò ó tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù kí èèyàn dè mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin mi ní onígi ni ká mú, kí ọwọ́ bàbá lè ká a. Ọkọ mi kékeré fi í rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun ti wá di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Èmi ní oníná ni. Mo ní iná ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọkọ̀ tí kò bá níná, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

“Ìyàwó, ṣé o fẹ́ sun ilé bàbá wa ni?” ọkọ mi kékeré bi mí. “Ẹni tí kò gbé ife omi dẹ́nu, òun lo fẹ́ kó ìṣáná fún.”

“Ẹ ò purọ́, olówó orí mi,” mo dá a lóhùn. “Èyí tí ẹ bá mú náà ni.”

Ó mú aláwọ̀ ewé. Ó ní àlejò tó bá wọlé yóò rí i, yóò mọ ilé ẹni tí òun wà. Ó wá gbé fóònù náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ṣé èyí tẹ́ wọn lọ́rùn. Bàbá wò ó. Wọ́n sì dijú.

“Wọ́n ti gbà,” ọkọ mi kékeré wí.

Nílé wa, bí àgbà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì dijú, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. A kì í bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá tún bi í, ńṣe ló ń wí pé àgbà ò gbọ́ràn mọ́. Bàbá fúnra wọn ló fi í kọ́ gbogbo àwọn àbúrò wọn.

Nígbà tí páálí náà dé, ọyẹ́ ti ń fẹ́. A tẹ́ ẹní, a kó gbogbo rẹ̀ síwájú wọn. Ọmọbìnrin mi fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ṣí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó tún fi í sí i, ó tún bọ́. Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná. Ọkọ mi kékeré ní ká fún wọn láàyè, òun náà bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku èmi nìkan. Mo jókòó sórí ẹní, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti dáhùn tẹ́lẹ̀, èyí tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

“Bàbá, ṣé kì í ṣe eléyìí lẹ fẹ́?”

Wọ́n mi orí, pé rárá.

Mo ní ṣé oníná ni. Wọ́n mi orí. Mo bi wọ́n nípa onígi, bákan náà.

“Ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ ọkọ̀ ojú irin?”

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n mi orí, pé rárá.

Ẹni tí kò ní ohùn mọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan náà kí ó tó lè gbà tàbí kó kọ̀. Mo wá ohun tí mo lè dárúkọ. Mo dárúkọ ayò, mo dárúkọ Bíbélì, mo dárúkọ kòkó kí wọ́n máa yọ ọmọ inú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mi orí sí. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí nǹkan mìíràn. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dijú. Mo kó irin padà sínú páálí.

Àwọn ọmọ ló de ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mọ́ ọn nígbẹ̀yìn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n títí di òní. Àlejò máa ń yìn ín. Bàbá ò rí iṣu tuntun ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ti gan nígbà tí wọ́n kú, apá ẹ̀wù la ya kí a tó rí aṣọ wọ̀ fún wọn. Mi ò sunkún. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọlọ́run ló fún mi lágbára. Mo ní àmín.

Nígbà tí àwọn ọmọ tún pé jọ, mo sọ fún wọn pé bí ó bá kàn mí, tí mo bá dijú, kí wọ́n má wí pé mo ti gbà o. Mo ní kí wọ́n dúró kí n lajú, kí wọ́n tún bi mí, ìyẹn kì í ṣe àrífín. Mo ní kí wọ́n tiẹ̀ máa bi mí nísinsìnyí tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin mi ní ó dáa, kí ni mo fẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó ná.