Ìwé Àṣìṣe Ilé Gàrí

Bí ẹ bá dé Moniya, tẹ́ ẹ ní kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí ilé gàrí tó wà ní Abà Olókìtì, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ọ̀dọ̀ Ìyá Áísò lẹ ń lọ. Ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Gbọ́njúbọ́lá Ọ̀ṣúntóbi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Lálúpọn, ṣùgbọ́n látọjọ́ tó ti kó ìwé ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Áísò wọ ilé iṣẹ́ yẹn, tó ní kí oníkálukú bọ́ òrùka, kó de irun, kó sì fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó fara kan ẹ̀gẹ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti fún un lórúkọ tuntun.

Iṣẹ́ máníjà tó ń mú ìlànà ṣẹ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣàdúrà fún. Ọ̀gá gbà pé ó ń ná òun lówó lásán, òṣìṣẹ́ gbà pé ó ń ṣọ́ àwọn. Bí gàrí bá dára, wọ́n á ní gàrí ló dára. Bí ó bá bàjẹ́, wọ́n á ní níbo ni Ìyá Áísò wà? Gbọ́njúbọ́lá fara dà á, nítorí ó ní ìdí tirẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun àti ìyá rẹ̀ ru gàrí lọ sí ọjà Ṣáṣá, oníbàárà kan bá iyanrìn nínú ẹ̀, ó sì da gbogbo rẹ̀ padà lójú àwùjọ. Ìyá rẹ̀ tún gàrí náà rù padà sílé. Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára ọmọ náà dòní.

Nígbà àkọ́kọ́ tí obìnrin aṣàyẹ̀wò Áísò wá láti Èkó, gbogbo nǹkan ló wù ú. Omi kànga mọ́, agbada mọ́, ilẹ̀ ń dán. Ló bá ní kí wọ́n gbé ìwé àṣìṣe wá, ìyẹn ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ ohunkóhun tó bá bàjẹ́ sí: ta ló ṣe é, kí ló fà á, kí ni wọ́n ṣe sí i. Wọ́n gbé e wá. Funfun báláú.

"Ẹ̀ ń yan gàrí lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan," obìnrin náà wí, "kò sì sí nǹkan kan tó bàjẹ́ rí? Mà, ẹ ò sọ òótọ́ fún ara yín."

Bí wọ́n ṣe pàdánù ìwé ẹ̀rí Áísò nìyẹn. Obìnrin náà fún wọn lóṣù mẹ́fà kó tó padà wá yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tó fẹ́ máa kó gàrí náà lọ sókè òkun ní àìsí ìwé ẹ̀rí, àìsí ọjà. Alàgbà Ẹkúndayọ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà, àgbà ìjọ Kérúbù ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún kùnà, òun á ti ẹ̀ka tó ń ṣe gàrí òkè òkun pa, kí ogún obìnrin tó wà níbẹ̀ máa lọ sílé wọn.

Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe pé àṣìṣe ò ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ní abà yẹn, bí èèyàn bá ṣẹ̀, á kúnlẹ̀, àgbà á ní "Ó ti tán, dìde," ọ̀rọ̀ náà á sì kú síbẹ̀. Ẹni tó bá hú u jáde lọ́jọ́ kejì, òun gan-an ló di oníwàhálà. Wọ́n wá ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹnìkejì wọn sínú ìwé tí àlejò máa kà. Ìyá Kifayah, olórí àwọn tó ń yan gàrí, ló dáhùn fún gbogbo wọn: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ló sì kọ́ gbogbo àwọn tó kù níṣẹ́. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Gbọ́njúbọ́lá bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní ìwé náà kì í ṣe ìwé ẹjọ́, pé òun fi orúkọ òun búra, kò sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Wọ́n ní "A ti gbọ́, mà." Ìwé ń bẹ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, eṣinṣin nìkan ló ń bà lé e.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta kí aṣàyẹ̀wò padà dé, ọjọ́ Ajé. Praise, ọmọbìnrin tó ń wọn gàrí sínú ọ̀rá, kígbe pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Wáyà ni, kò gùn ju èékánná lọ, ó ń dán nínú gàrí. Gbọ́njúbọ́lá ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n tú gbogbo ọ̀rá tí wọ́n ti dì láàárọ̀ yẹn, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ jọ̀. Ó lọ síbi ajọ̀ ńlá. Etí ajọ̀ ti ya, Ìyá Kifayah sì ti fi wáyà ran án, bí gbogbo ìyá tó ń yan gàrí ṣe máa ń ran ajọ̀ wọn látayébáyé. Wáyà ọ̀hún ló já.

Kó tó lanu, Ìyá Kifayah ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ló ṣe é. Forí jì mí."

Ẹ wo ìyá tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.  Gbọ́njúbọ́lá sáré di ìyá náà mú. "Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti tán." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. Àwọn obìnrin yòókù mí kanlẹ̀, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ó wọ yàrá kékeré tó ń lò bí ọ́fíìsì, ó jókòó. Bí ó bá kọ orúkọ ìyá yẹn lẹ́yìn tó ti ní ó tán, kò sí obìnrin kan tó máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́ láyé. Bí kò bá sì kọ ọ́, ìwé òfìfo ló tún máa gbé fún aṣàyẹ̀wò. Ó fa fáìlì àyẹ̀wò àárọ̀ jáde, ó sì bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀: "Ajọ̀: ó dára." Òun ló fọwọ́ sí i. Kò sì wo ajọ̀ rárá. Ó ti tó oṣù méjì tí kò ti wò ó mọ́, nítorí ojú ń tì í láti máa yẹ irinṣẹ́ àgbàlagbà wò láràárọ̀ bí ẹni pé ìyá náà ò mọṣẹ́. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó lọ síbi ìṣó, ó já ìwé náà sílẹ̀, ó kọ ọ́: "Èmi Gbọ́njúbọ́lá ni mo fọwọ́ sí ajọ̀ tí n kò yẹ̀ wò. Wáyà bọ́ sínú gàrí."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Kifayah rí i pé nǹkan ti wà nínú ìwé náà. Ìyá náà ò mọ̀wé kà, ó ní kí Praise kà á sókè. Bí Praise ṣe kà á tán, ìyá náà wọ ọ́fíìsì lọ láìkan ilẹ̀kùn.

"Ìwọ Gbọ́njúbọ́lá, ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o bá mi ru ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

"Mà, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo kọ. N ò kọ tiyín."

"Mo gbọ́. Kọ tèmi sábẹ́ ẹ̀. Kọ ọ́ pé Ìyá Kifayah fi wáyà ran ajọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wallahi, mi ò ní jókòó síbí kí ọmọ tí mo lè bí máa dá jẹ̀bi nítorí mi."

Ó kọ ọ́, ìyá náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi máa ṣú, àwọn márùn-ún míì ti wá. Ẹnìkan gbàgbé láti bo omi. Ẹnìkan fi ọwọ́ tí kò fọ̀ tọ́ gàrí wò.

Ọjọ́rú ni Alàgbà Ẹkúndayọ̀ dé, ó já ìwé náà, ó kà á, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá Kifayah yìí, kó máa lọ sílé lónìí. Mi ò fẹ́ kí aṣàyẹ̀wò bá a níbí lọ́la."

Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ ọ́, gbogbo wọn sì gbọ́. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀rù látọjọ́ pípẹ́ ló dé yìí. Gbọ́njúbọ́lá bọ́ síwájú Alàgbà.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, a ò tíì kọ ọ́ tán. Ìlànà ní ká máa béèrè ohun tó fà á títí a fi máa dé gbòǹgbò. Kí ló mú kí wáyà bọ́ sínú gàrí? Wọ́n fi ran ajọ̀ ni. Kí ló mú kí wọ́n ran ajọ̀? Ó ti ya, kò sì sí tuntun. Kí ló mú kí tuntun má sí?"

Ó na ìwé kan sí i. Ìwé tó fi béèrè ajọ̀ tuntun ni, ó ti lé lóṣù méjì tó ti kọ ọ́. Àyè tí ọ̀gá máa fọwọ́ sí ṣófo.

"Ṣé o fẹ́ kí n kọ orúkọ mi sínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ mi ń kà?"

"Mi ò lè pàṣẹ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n mo búra fún wọn pé kò sẹ́ni tó máa tìtorí ìwé yìí kúrò níṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa lé wọn, orúkọ tèmi ló ṣáájú. Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé."

 Bàbá náà wo àwọn obìnrin náà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní báírò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n béèrè ajọ̀, òun Ẹkúndayọ̀ ni kò dá wọn lóhùn. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti ra ajọ̀ tuntun méjì dé.

Lọ́jọ́ kejì, aṣàyẹ̀wò ṣí ìwé náà, ó rọra ń kà á. Ó pẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́. Ó gbójú sókè, ó bi àwọn obìnrin náà léèrè pé nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ tán, kí ni ọ̀gá wọn fi wọ́n ṣe.

Ìyá Kifayah ló dìde.

"A kọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, a wá síbi iṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí tó dé, ṣùgbọ́n Gbọ́njúbọ́lá ò dúró dè é kó tó mọ̀ pé wọ́n ti yege. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó rọra rìn lọ sẹ́yìn òkìtì ẹ̀gẹ́, ó fi gèlè bojú, ó sunkún ayọ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.