Oríkì Ṣẹ́gun Tí N Kò Tètè Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò. Ẹ má bá mi wá ẹlòmíì dá lẹ́bi.

Adakpamé, ní Lomé níbí, lèmi àti ìyá mi ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kí oníkálukú ṣe ojú ewé kan nípa nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀. Mo ní oríkì àwa ọmọ mẹ́ta tí Mọ́mì bí ni màá kọ síbẹ̀. Ta ló ṣì ń ki ọmọ nílùú tí Faransé àti Mínà ti gba gbogbo ẹnu wa?

Ọ̀gá wa kọ́ wa ní Gíìtì. Ètò kan nìyẹn tó máa ń tọ́jú iṣẹ́ ẹni ní ìpele-ìpele. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lónìí, wàá padà sí bó ṣe wà lánàá. Ṣùgbọ́n kìkì ohun tí o bá fà lé e lọ́wọ́ ló ń tọ́jú, kọmíìtì sì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń kìlọ̀ pé ká máa ṣe kọmíìtì, bí iṣẹ́ ò tilẹ̀ tíì pé. Etí mi ti kún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Mọ́mì ń ṣa ẹ̀wà, mo gbé kọ̀ǹpútà jókòó tì í, mo ní kó máa kì wá kí n máa tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni yóò kọ́kọ́ kì. Àbúrò mi, Ṣẹ́gun, ni Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í kì! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣẹ́gun nígbà tó kú. Láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀ lójú Mọ́mì. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dìde, ó ní ká fi ìyókù sí ọ̀la.

Ṣé mo ṣe kọmíìtì? N kò ṣe é. Mo wo ojú ewé náà, oríkì òkú nìkan ló wà níbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà kó ṣáájú ti àwa alààyè. Mo ní kí tiwa kọ́kọ́ wọlé ná.

Lọ́jọ́ kejì, ní kíláàsì, mo ń tún ojú ewé náà ṣe, ó dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pàṣẹ fún Gíìtì kó dá a padà síbi tí mo ṣe kọmíìtì dé. Ojú ewé padà bọ̀ sípò, oríkì Ṣẹ́gun ti lọ. Ọ̀gá bá mi wá a títí. Ó fi Faransé sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ohun tí a kò fún Gíìtì, Gíìtì ò mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sá fún Mọ́mì. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ tí mo jẹ́wọ́, tí mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un kì, ó mirí, ó ní:

“Ọmọ mi, kò sí lẹ́nu mi mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ṣe ló kàn wá fúnra rẹ̀. C'est fini, ó ti tán. Ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.”

Mo kọ ọ́. Orúkọ Ṣẹ́gun nìkan ló wà lójú ewé náà, mo sì ṣe kọmíìtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mọ́mì ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí kọmíìtì náà fi wọlé. Mo sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má dúró dìgbà tí yóò pé kí ẹ tó fi í pamọ́. Kí lẹ̀yin náà ti pàdánù báyìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ lọ bá a ná.