Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Naida Kọ̀

Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ljubljana lọ sí ìhà òkun ni Naida ti bú Belma, ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí ẹyin sísè. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àwọn méjèèjì ti kúrò ní Zenica, ìlú wọn, tí wọ́n pọn báàgì sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, tí wọ́n ń fi owó akẹ́kọ̀ọ́ rìn kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú, níbi tí bẹ́ẹ̀dì bá ti pọ̀ jù nínú yàrá kan, ni wọ́n ń sùn sí. Búrẹ́dì àti ẹran lílọ̀ inú agolo ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ẹran inú agolo yìí ti sú Naida débi pé ó ti ń gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ ara rẹ̀.

Bàbá arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ló jókòó dojú kọ wọ́n. Ìyá náà tú ìdì oúnjẹ, ó kó búrẹ́dì, ẹran díndín àti ẹyin sísè jáde, ó sì nà án sí wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wa jẹ níbẹ̀."

Kí Naida tó lanu, Belma ti fọwọ́ lé àyà. "Ẹ ṣé, mà. A ti jẹun. A yó bámúbámú."

Ó sọ ọ́ tán, ó ń dúró. Naida náà ń dúró, nítorí ibì kan náà ni wọ́n ti tọ́ àwọn méjèèjì. Lọ́dọ̀ wa ní Zenica, bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ tí o gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á ní ìyá rẹ kò kọ́ ọ. Wàá kọ̀. Wọ́n á tún fi lọ̀ ọ́, wàá tún kọ̀. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí onílé ti ń búra, tó ti gbé àwo lé ọ nítan, ìgbà náà ni wàá wá ní, "Ó dáa, díẹ̀ péré," tí wàá sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti àná. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ọmọ wa ń kó ròde nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyá yìí kì í ṣe ará Zenica. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì dá ẹyin padà sínú ìdì. Òun àti ọkọ rẹ̀ rọra jẹun wọn tán lójú àwọn ọmọbìnrin méjì tí inú wọn ń kùn.

Bí àwọn arúgbó náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, Naida yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"A yó bámúbámú! Belma, ta ló yó?"

"Ṣé kí n wá já a gbà bí ẹni tébi ń pa ni?"

"Ṣé ebi ò pa ọ́ ni?"

"Ó ń pa mí. Mo rò pé wọ́n á tún bi wá ni."

"Àwọn èèyàn yìí kì í bini lẹ́ẹ̀mejì! Mo sọ fún ọ ní Vienna, níbi tí obìnrin yẹn ti fẹ́ fún wa ní kéèkì. O ò gbọ́!"

"Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé..."

"Ìyá àgbà rẹ ò sí nínú ọkọ̀ yìí, jọ̀ọ́!"

Belma yíjú sí fèrèsé.

Ká sọ òótọ́, ẹyin kọ́ ló ń bí Naida nínú tó bẹ́ẹ̀. Trieste ni wọ́n ń lọ, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ibẹ̀ ni Senahid, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn, Senahid kò fẹsẹ̀ kan Zenica mọ́. Bí ọdún Iléyá bá dé, á kí bàbá lórí fóònù, ó parí. Lọ́dún yìí wàyí, yunifásítì kan ní Trieste gba Naida láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi, ohun tó ti ń lá lálàá láti kékeré, bẹ́ẹ̀ odò Bosna tó gba iwájú ilé wọn kọjá kò gba ju ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lọ. Ibi tí yóò máa sùn ló kù. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀ kò lè gba yàrá nílùú yẹn. Bí oṣù bá parí láìjẹ́ pé ó rí ibi tí yóò gbé, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Yàrá kan sì wà lẹ́yìn ilé Senahid tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí.

"Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé wọ́n gbà ọ́," ni bàbá rẹ̀ ti wí kí wọ́n tó gbéra nílé. "Má tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

Ìdí rèé tí Naida fi fa Belma káàkiri Budapest àti Vienna, kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n kàn ń ṣeré kọjá ni. Senahid sì ti ní kí wọ́n wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè. Belma mọ gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn burú sí i.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sežana, ẹ̀bá ààlà, pẹ̀lú èrò pé bọ́ọ̀sì á gbé wọn dé Trieste. Kò sí bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Òjò ń rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ kékeré kan dúró, obìnrin kan yọrí.

"Trieste ni mò ń lọ. Ẹ wọlé."

"Háà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà," ni Belma wí, omi ń kán nímú rẹ̀. "Aṣọ wa tutù, a ó ba ìjókòó yín jẹ́."

Obìnrin náà wo ìjókòó rẹ̀, ó ní ó dáa, ó ti fèrèsé, ó lọ. Naida sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, ó ń pariwo, ó ń juwọ́, títí okùn báàgì rẹ̀ kan fi já. Ó padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé wọ́n rán ọ sí mi ni?"

"Naida, máà bínú. Ẹnu mi ló yá jù mí lọ."

"Ẹnu rẹ! Ẹnu yẹn ló yẹ ká dì!" Inú ń bí i débi pé ó ń sunkún. "Búra fún mi. Láti òní lọ, ohun tí wọ́n bá nà sí wa, gbà á. Bó jẹ́ òkúta, gbà á!"

"Bó jẹ́ òkúta, màá gbà á," ni Belma wí.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Senahid ní tútù rinrin, oúnjẹ ti ń tutù lórí tábìlì. Loredana, ìyàwó rẹ̀, kò bínú. Ó fún wọn ní aṣọ gbígbẹ, ó sì tún oúnjẹ gbé kaná. Nígbà tó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sókè, Belma ti ní "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣé, mà," kí wọ́n tó bi í. Naida fẹ́ rẹ́rìn-ín. Senahid ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun lẹ́bàá etí. Ó béèrè bí ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá ṣe ń ṣe, ó béèrè bóyá wọ́n ti tún afárá odò Bosna ṣe, lẹ́yìn ìyẹn ó gbájú mọ́ àwo rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó jọ ti ìyá wọn.

Kọfí dé. Loredana gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Naida, mo gbọ́ pé yunifásítì ibí ti gbà ọ́. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ṣófo lásán. O ò ṣe máa gbé lọ́dọ̀ wa?"

Ọkàn Naida fò sókè. Ọwọ́ rẹ̀ náà fò sókè, ó bà lé àyà.

"Háà, rárá o! Ẹ ṣé gan-an. Mi ò fẹ́ ni yín lára. Màá wá ibòmíràn."

Belma ta á nípàá lábẹ́ tábìlì. Ó ti bọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀.

"Ó dáa," ni Loredana wí, ojú rẹ̀ fà ro díẹ̀. "Bó o bá ṣe fẹ́." Ó dìde lọ kó èso wá láti ilé ìdáná.

Síbẹ̀, àyà Naida kò tíì já. Loredana kò mọ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Senahid mọ̀. Ìyá kan náà ló tọ́ wọn. Senahid yìí gan-an ni ìyá wọn fa etí rẹ̀ títí ó fi pọ́n, nígbà tó gba kéèkì aládùúgbò láìkọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọmọ Zenica tí kò mọ̀ pé "rárá" àkọ́kọ́ kì í ṣe rárá. Òun ló kàn láti bi í lẹ́ẹ̀kejì. Naida wò ó, ó ń dúró.

Senahid ń fi ṣíbí po kọfí rẹ̀. Ó pò ó, ó tún un pò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Òjò ti dá," ló wí. "Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ dé."

Nígbà tí Senahid lọ gbé mọ́tò, Belma fa Naida sí kọ̀rọ̀.

"Padà wọlé! Sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé o fẹ́! Ìwọ tó o bú mi láti Vienna dé ibí!"

"Kì í ṣe ti ìyàwó ẹ̀."

"Ti ta ni?"

Naida ń bínú sí Belma, ó ń bínú sí ìyá rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, ó sì ń bínú sí ọwọ́ ara rẹ̀ tí kò kúrò láyà.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, Senahid na ọ̀rá oúnjẹ kan sí wọn. "Ẹ gbà." Ọwọ́ méjèèjì ni Belma fi gbà á. Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Naida dúró síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ̀ o."

Senahid wo ojú irin.

"Mo mọ̀," ló wí.

Ó gbé báàgì Naida nílẹ̀, ó bá a fi pọ̀n sẹ́yìn, ó sì so okùn tó já náà ní kókó méjì, kó má baà tún já mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó dé Zenica.