Láyíwọlá Kò Fẹ́ Gbọ́ Èsì Bọ́ọ̀lù

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Láyíwọlá ti ń gbé lẹ́bàá Dallas, kò sì jókòó wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí títí ọmọ rẹ̀ fi kó lọ sí Korea. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ Sunday tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ní Duncanville bá ti rọ̀gbọ̀kú síwájú tẹlifíṣọ̀n, òun ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, torí owó Sunday ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Dérìntọ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fi ọdún mẹ́rin fun fèrè nínú ẹgbẹ́ tó máa ń ṣeré níbi bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá yọjú síbẹ̀, ó sì sùn lọ lórí ìjókòó.

Ọmọ jáde yunifásítì ní Denton, ó rí iṣẹ́ tíṣà ní Seoul, ní Korea, ó lọ. Ìyá rẹ̀, Yẹ́misí, ló máa ń pè. Tó bá kan bàbá, "Ẹ kú ilé sà, mo wà dáadáa" ló máa ń parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni bàbá gbọ́ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tí òun fi sílẹ̀, àárò Cowboys, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Dallas, ló ń sọ òun jù. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án Sunday ní Dallas, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, àfi kó wo èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Monday. Láyíwọlá ṣírò ẹ̀: aago mẹ́fà àárọ̀ nìyẹn nílé òun, òun á sì ti jí gbàdúrà. Kò ná òun ní nǹkan kan. Ó ní kí àwọn jọ máa wò ó. Ọmọ ní, "Okay, Daddy."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń kọ́ bàbá ní bọ́ọ̀lù, àmọ́ ààrin bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ gidi wà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, nípa onílé tó ń gbé ọbẹ̀ fún un, nípa ibà tó dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Láyíwọlá ò ní fi wákàtí mẹ́ta yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ ohunkóhun.

Àṣìṣe dé. Ní Sunday kan, ó tan tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án, Cowboys sì borí. Ta ni Yorùbá tó ń jókòó lé ìròyìn ayọ̀ lórí? Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí: "Ẹ bá wa yin Olúwa! Cowboys ti borí! Dérìntọ́, ìwọ náà á borí!" Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́jọ ṣe àmín.

Ní Monday, ọmọ ti ka èsì náà kó tó wo bọ́ọ̀lù, kò gbé fóònù. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò gbé e.

Yẹ́misí ní, "Wọ́n ní kí ẹ wo bọ́ọ̀lù, ẹ sọ ọ́ di ìpàdé àdúrà."

Nígbà tí Láyíwọlá rí ọmọ bá sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò tún ní mọ èsì kan mọ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n.

Dérìntọ́ ní, "Nínú Dallas? Daddy, ẹ ò lè ṣe é."

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Láyíwọlá pa fóònù, ó pa rédíò ọkọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsìn ìdúpẹ́ oṣù gùn, ó kọjá aago méjì. Bó ṣe ń jáde ló rí Ọláṣùpọ̀, olùtọ́jú èrò ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń fi fóònù sáàárín Bíbélì wo èsì bọ́ọ̀lù, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Láyíwọlá yára wo ilẹ̀.

"Brother Ọláṣùpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ má sì fajúro."

"Kí ni mo fi ṣe yín, sà?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọmọ mi ń sùn ní Korea."

Epo ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ gbẹ, kò dúró rà á, torí ẹ̀rọ epo ìlú yìí ní tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń ròyìn. Nígbà tó délé tí aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bọ́ọ̀lù, ó tan ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kó má bàa gbọ́, ó gbá gbogbo yàrá. Yẹ́misí dúró wò ó. Ilé náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ Monday, ó pe ọmọ. Ó dún pẹ́ kó tó gbé e.

"Daddy, ẹ sọ òótọ́. Ẹ ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n gbá a."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ tan èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n lu Cowboys ní àlùbami. Bọ́ọ̀lù parí, Dérìntọ́ ò pa fóònù. Ó ti di òru níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ọdún kan sí i kún iṣẹ́ òun ní Seoul, òun ò tíì sọ fún Mummy, kí bàbá jẹ́ kí òun fúnra òun sọ ọ́.

Láyíwọlá ṣírò ẹ̀: ọdún kan sí i láì fojú kan ọmọ, àmọ́ gbogbo Monday àsìkò bọ́ọ̀lù, tirẹ̀ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ pé òun ló kọ́kọ́ sọ fún. Ó gbàdúrà fún un, ó jẹ́ kó lọ sùn.

Yẹ́misí jáde sí pálọ̀, ó béèrè ohun tí ọmọ wí.

Láyíwọlá ní, "Wọ́n lu Cowboys."