Agbada Gàrí Ni A Fi Wọn Kọ̀ǹpútà Wa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, a sì ti kírun àlàásárì. Òjò tó ń rọ̀ láti òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ojú ọ̀run ṣì ṣú, omi sì ń kán láti etí páànù àtíbàbà tí ìyàwó mi ti ń yan gàrí lẹ́yìn ilé wa ní Lálúpọn. Mo gbé tábìlì kan síbẹ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wa lé e, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́.

Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Bí a bá tàn án, ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí. Olùkọ́ wa ní kíláàsì alẹ́ tí mo ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹgbẹ́dá sọ pé agbára rẹ̀ kò gbé Windows tuntun tí a fi sínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n fún mi ní fíláàṣì kan tí Linux, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, wà lórí rẹ̀, wọ́n ní kí n máa tan kọ̀ǹpútà láti ara fíláàṣì yìí, kí n fi méjèèjì wé ara wọn. Bí Linux kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n yọ fíláàṣì. Kò ní tíì fọwọ́ kan ohunkóhun.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni orin àsàlátù tí ìyá rẹ̀ lé wà, èyí tí a gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Kò sí níbòmíràn.

"Bí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan yìí," ó ní, "ṣé ìyá mi á ṣì máa kọrin níbẹ̀?"

"Ìdí tí mo fi fẹ́ dán an wò nìyẹn."

"Ẹ kúkú dán an wò. Bí ẹ ṣe wádìí ilé wa títí kí ẹ tó fẹ́ mi náà nìyẹn. Bàbá mi rò pé ọlọ́pàá ni yín."

Òun ló dábàá pé agbada gàrí ni kí a fi ṣe ìwọ̀n. Bí mo bá ṣe ń tẹ bọ́tìnì ni yóò máa da gàrí tí ó ti sẹ́ sínú agbada. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí òjò rọ̀ náà, Windows ṣí nígbà tí gàrí kò tíì gbẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí oòrùn mú gan-an, a fi fíláàṣì sí i. Gàrí ti gbẹ, ìyàwó mi ti ń kó o kúrò lórí iná, kí Linux tó ṣí.

Mo dìde ní kíláàsì, mo sì jábọ̀ bí ó ṣe yẹ: Windows yá ju gàrí lọ, gàrí sì yá ju Linux lọ.

Bàbá kan tó ń wá láti Alákìá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gàrí Ìjẹ̀bú ni àbí tiwa yìí?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Sà, orí ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé tèmi," wọ́n sì kọjú sí pátákó fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí mo lọ fa igi ìdáná ní ọjọ́ Jímọ̀ ni mo rí i pé apá kan òkìtì igi wa ṣì tutù rinrin. Ó wá yé mi pé iná méjèèjì kò dọ́gba. Igi tí òjò pa ni a fi dáná fún Windows. Igi gbígbẹ ni a fi dáná fún Linux. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Ó wo igi, ó wò mí. "Èmi náà ò rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sùn?"

A tún un ṣe pẹ̀lú igi gbígbẹ nìkan. Kí Windows tó ṣí, ìyàwó mi ti kó agbada kan kúrò, ó ti da òmíràn sí i, ìyẹn náà sì ti ń gbóná. Linux ṣí gẹ́lẹ́ bí ó ti ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: òun ló yá ju Windows lọ.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ìyàwó mi wí, ó tún da gàrí mìíràn sínú agbada. "Ìyá mi ńkọ́?"

Láti inú Linux, mo wá orin náà rí níbi tó wà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyá jáde, ó dún ketekete, wọ́n wúkọ́ díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì lé orin. Igbá dúró lọ́wọ́ ìyàwó mi nínú agbada.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn. "Gàrí ń jó," mo sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó jó. Wọn ò tíì dé ibi ègbè."

Ó gbe ègbè náà títí tó fi parí, kó tó bomi pa iná. Ó ní, "Ti eléyìí, baálé mi, ẹ má kà á mọ́ ìdánwò yín o."

Lọ́jọ́ kejì, mo da orin náà kọ sórí fíláàṣì méjì, mo gbọ́ méjèèjì dópin, mo sì fi Linux sínú kọ̀ǹpútà náà. Òun ló wà níbẹ̀ títí di òní, igi ìdáná wa sì ń sùn lábẹ́ páànù.