Bí Bákàrè Ṣe Gba Abẹ́rẹ́ Nítorí Páálí

Ní Adum, ní àárín ọjà Kumasi ní Ghana, níbi táwọn tó ń ta ìṣó àti àgádágodo tò sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ kòrónà tó Bákàrè. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ilé kéwú ló sì ti parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀, àmọ́ fóònù rẹ̀ tóbi, àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí i sì pọ̀. Bó bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó gbé bẹ́ǹṣì síta, ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ yẹn ń sọ ọkùnrin di akúra. Abẹ́rẹ́ yẹn ní irin nínú: bí wọ́n bá ti gún un fún èèyàn, ṣíbí á lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ẹni tó ń ta irin ló ń sọ̀rọ̀ irin, ta ni yóò wá bá a jiyàn?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀ ti wá. Aboabo, àdúgbò kan ní Kumasi, ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ló ti ń hewú. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Alhaji, òun náà sì ń jẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ Mẹ́kà rí. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ní mọ́sálásí, àwọn tó lọ lóòótọ́ ló ń jókòó níwájú pẹ̀lú láwàní wọn. Bí Bákàrè bá ti ń sún mọ́ wọn, ẹnì kan á wúkọ́ díẹ̀, òun náà á sì rántí pé ẹ̀yìn ni ààyè òun wà.

Fatawu ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéwú, òun sì ni ládàánì mọ́sálásí wa ní Aboabo. Bó bá pe ìrun àsùbáà, àwọn awakọ̀ èrò trotro tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohùn ni Ọlọ́run fún un. Làákàyè tirẹ̀, Bákàrè ló ń bá a lò ó. Bí Bákàrè bá ní ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ti yọ lónìí, Fatawu á yí ẹní ìrun rẹ̀ padà.

Nígbà tí ìjọba fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì gbé tábìlì àti agbòòrùn wá síwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Gifty gbé gbohùngbohùn, ó ń fi Twi àti Hausa bẹ àwọn èèyàn pé ọ̀fẹ́ ni, kò ní dùn wọ́n, kí wọ́n wá. Bákàrè lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Sista," ó wí, "ṣé ìyá rẹ ti gbà á?"

"Ó ti gbà á, Agya," ni Gifty wí, bàbá ló fi Twi pè é. "Èmi náà ti gbà á."

"Ó hàn lójú ẹ."

Ẹ̀rín bú, ẹ̀rín yẹn ló sì ba ọjà Gifty jẹ́. Àwọn tó ti ń ká apá aṣọ sókè tún un sọ kalẹ̀. Fatawu wà lára wọn. Sàlíhà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbà á, nítorí àyà bàbá rẹ̀ máa ń dí bí ọyẹ́ bá ti dé. Fatawu wo ojú Bákàrè, Bákàrè mi orí, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì gbé kúlà abẹ́rẹ́ wọn padà bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mẹ́kà ṣílẹ̀kùn padà fún àwọn ará òkèèrè. Yaseer, ọmọ Bákàrè tó ń ṣiṣẹ́ ní Ítálì, pè é lórí fóònù pé òun ti bá bàbá òun gba ààyè. Bákàrè sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù. Omijé tòótọ́ ni, mi ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì ló lọ bá Adéyínká, ọmọ Yorùbá tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò ní Adum níbẹ̀. Ọmọ ìjọ Kristẹni ni Adéyínká, àmọ́ kò sí lèmọ́mù tó tíì kó Mùsùlùmí lọ Mẹ́kà tó o.

Adéyínká wo pásípọ́ọ̀tù, ó ní ó dáa. Ó wo fọ́tò, ó ní ó dáa. Ó wá ní, "Ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ kòrónà yín dà, Alhaji?"

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Saudi ò ní fún yín ní físà láìsí i, sà."

"Àwọn Lárúbáwá? Àwọn tó ni Kábà?"

"Àwọn gan-an."

Bákàrè ti sọ fún gbogbo Adum pé àwọn aláìgbàgbọ́ ló gbìmọ̀ abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n lè fi pa Mùsùlùmí run. Ó wò yí ká bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ǹjẹ́ a lè rí páálí yẹn láìrí abẹ́rẹ́?"

"Àwọn kan ń tẹ̀ ẹ́ níta," ni Adéyínká dáhùn. "Àmọ́ àmì dúdú kan wà ní igun rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi fóònù wò. Bí fóònù bá ti ní irọ́ ni, wọ́n á dá yín padà láti Jedda, sà. Wọ́n tiẹ̀ lè tì yín mọ́lé."

Dídá padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ lélẹ̀ mọ́. Ẹ ò lè mọ ohun tí ìwé jẹ́ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ àfi bẹ́ ẹ bá rántí ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ jáde ní Ghana. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Bákàrè ṣì wà nígbà náà. Baba rẹ̀, tó ti kọ́lé sí Kumasi, gbé àpótí kan wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀nà ibẹ̀ mọ́, ó sì pẹ́ gan-an kó tó rí ọgbọ́n dá padà wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nílé wọn pé àìsàn lè foríjì ọ́, ìwé kì í foríjini. Ikú ò ba Bákàrè lẹ́rù tó ọ̀gá kan tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ní, "Ìwé rẹ dà?"

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọgbọ́n ò lè ṣe, tí ẹ̀bẹ̀ ò lè ṣe, tí òkú àwọn èèyàn tí rédíò ń kéde ò lè ṣe, páálí ṣe é. Bákàrè ní òun á gba abẹ́rẹ́.

Kò lè gbà á ní Aboabo, nítorí ojú àwọn èèyàn. Ó wọ trotro lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ejisu. Ó fa fìlà bojú, ó sì wọ ìbòmú méjì léra, òun tó ní ìbòmú ń dí ẹ̀mí ọmọ Ádámù lọ́wọ́. Nígbà tó débẹ̀, èrò ti tò. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn: ẹni tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kanra ní Adum ni. Ẹni tó wà níwájú ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ìwàásù. Wọ́n wo ara wọn bí àwọn tó pàdé nílé àlè.

"Mo wá wọn ìfúnpá ni," ni ẹni iwájú wí.

"Èmi náà, ìfúnpá ni," ni Bákàrè wí.

Gbogbo ìlà náà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó kàn án, nọ́ọ̀sì tó bá nídìí abẹ́rẹ́, Gifty ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n láti abẹ́ ìbòmú méjèèjì.

"Agya, akwaaba, ẹ káàbọ̀. Ìyá mi kí yín."

Bákàrè fà sún mọ́ ọn, ó ń fi Twi bẹ̀ ẹ́. "Sista, mepa wo kyɛw, ṣáà bá mi kọ ìwé yẹn. Da abẹ́rẹ́ yẹn nù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó o bá sì lè bá mi kọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà..."

Gifty ò rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mo gbé e wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ní báyìí tí ọ̀gá ìlú òkèèrè ní kẹ́ ẹ mú páálí wá, ẹ jí kí àkùkọ tó kọ. Ẹ ká aṣọ yín sókè."

Ó ká a. Abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde. Òwú ṣì wà lápá kan tó fi na apá kejì: "Páálí dà?" Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó gbé ṣíbí lé ojú abẹ́rẹ́ náà. Ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Ó tún un gbé. Ó tún bọ́.

Àbí ẹ rò pé yóò wá sọ fún bẹ́ǹṣì pé òun ti ṣìnà? Rárá o. Ìwàásù kàn yíwọ́ padà ni. "Mi ò sọ pé kò dáa," ó wí. "Ti arìnrìn-àjò ni. Bí aṣọ funfun tí wọ́n ń ró ní Mẹ́kà ló rí: ẹni tí kò lọ, kí ló fẹ́ ró o fún?" Ọ̀rọ̀ náà sì wọ àwọn èèyàn lára. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà lọ gbà á. Ẹni tó ń lọ bá ọmọ ní Jámánì lọ gbà á. Àwọn yòókù ń bi ara wọn pé, "Ibo là ń lọ?" Bí físà ti parí lọ́dún náà, ìlà ọ̀nà Ejisu náà parí. Gifty jókòó ti kúlà rẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò.

Fatawu ò lọ síbì kankan. Bákàrè ò sì sọ fún un pé òun gba nǹkan kan.

Ìgbà tí Bákàrè dé láti Mẹ́kà, láwàní rẹ̀ ga, eyín wúrà kan sì ń tàn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pàgbò, wọ́n sì kí i títí ẹnu fi ń ro wọ́n. Ní àsùbáà ọjọ́ kejì, ohùn tó pe ìrun ṣàjèjì sí i, ohùn tín-ín-rín kan tó ń já lọ́nà. Ó yíjú sí Mùnírátù, ìyàwó rẹ̀.

"Fatawu dà?"

"Ó wà nílé. Wọ́n gbé e lọ ọsibítù nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún. Kòrónà ni wọ́n pè é. Afẹ́fẹ́ inú ìgò ló fi ń mí, a ti rò pé ó ti lọ."

"Ta ló tọ́jú ẹ̀?"

"Èmi àti Sàlíhà."

"Ìwọ? Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí díẹ̀. Àmọ́ mo ti gba abẹ́rẹ́ látọdún èṣí, ní ọjà Asafo, nídìí ìborùn tí mò ń tà."

Bákàrè dìde jókòó. "O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Bẹ́ǹṣì lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀."

Ó gbé omi Sámúsámù, ó gbé tẹ̀súbáà, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fatawu fẹ̀yìn ti ògiri lójúde, ó ti gbẹ, ó ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó bu omi náà mu, ó ṣàdúà fún un dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Sàlíhà ní wọn kì í fún èèyàn ní físà Mẹ́kà láìgbà á, pé ìwọ gbà á kó o tó lọ."

Bákàrè ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà.

"Mi ò bínú pé o gbà á. Kí ló dé tí o ò pè mí ká jọ lọ?"

"Fatawu, ìwọ ò kúkú lọ síbì kankan."

Fatawu rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́ kó tó sílẹ̀. Ó nu ẹnu. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ," ó wí. "Wọn kì í béèrè páálí ní bodè ibẹ̀."

Bákàrè dìde, ó ní èrò ń dúró de òun. Iwájú ló ń jókòó sí ní mọ́sálásí báyìí, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ mọ́. Kò sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ó ti rí fídíò tuntun, lórí máàgì.

Ohùn Fatawu ò padà bó ṣe wà. Ìrun àsárì nìkan ló ń pè, ó sì máa ń sinmi láàárín. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e, òun àti Sàlíhà wọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Ejisu. Kò sí ìlà rárá. Gifty pa rédíò rẹ̀.

"Ibo lẹ fẹ́ rìnrìn-àjò lọ, Agya?"

"Ilé ni màá padà sí."

Gifty rọra gún un. Nígbà tó fa káàdì yọ tó fẹ́ kọ ọ́, Fatawu ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ gbà á o," ni Gifty wí, "ó lè wúlò lọ́jọ́ kan." Fatawu gbà á, ó lọ jókòó sórí àga tí wọ́n ní kó ti sinmi díẹ̀. Oòrùn mú, iná sì ti lọ, ó bá ń fi káàdì náà fẹ́ ara rẹ̀.