Ọwọ́ Tó Wà Lórí Orúnkún Alága

Nínú gbogbo ẹni tí Ìyá Kámẹ́rà ti yà ní fọ́tò láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sí èyí tó yọ ọ́ lẹ́nu tó ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí kò fẹ́ jókòó, á mi ìdì kọ́kọ́rọ́ fún un, ojú ọmọ náà á sì wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà. Àgbà tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ sí i létí. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó fẹ́ ẹ yìí, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Pẹ́ńsùlù nítorí pé pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, bó bá ti fojú kan kámẹ́rà báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àwátì. Á kó wọn sẹ́yìn, tàbí kó tì wọ́n bọ àpò ṣòkòtò, á wá dúró ṣánṣán bí igi tó fẹ́ là.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló máa ń sọ. "Ojú ni kí o yà, ìyàwó mi. Ti ọwọ́, fi í sílẹ̀."

Ojú ló ń tì í. Òòlù ti lu ìka náà, ìṣó ti gún un, góòmù àti ọ̀dà igi ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi pé ọṣẹ kò rí wọn mú jáde mọ́. Ayùn ti gé àtàǹpàkò òsì rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, èékánná tó hù padà síbẹ̀ sì wọ́, ó là sí méjì bí pátákò ewúrẹ́. Ìyá Kámẹ́rà fẹ́ràn ọwọ́ náà ju ojú tó ń gbé kalẹ̀ fún fọ́tò lọ. Ọwọ́ yẹn ló kan ibùsùn tí wọ́n ń sùn lé, òun ló kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ya fọ́tò, òun náà ló sì máa ń wá tirẹ̀ kiri lábẹ́ aṣọ ìbora bí ààrá bá ń sán. Ṣé ó sọ èyí fún un rí? Ó sọ ọ́ títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á tì í bọ àpò.

Ẹnìkan ṣoṣo ló rí ọwọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni, ayàwòrán, tí Ìyá Kámẹ́rà fún lórúkọ nígbà tó wọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tó ń pè é ní Eyínafẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Eyínafẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò bẹ̀ yín. Iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí i lọ́wọ́, pé kó kun àwòrán àwọn olóṣèlú mẹ́sàn-án fún ìpàtẹ kan. Ẹ sì mọ olóṣèlú: ó ráyè jókòó sórí àga fún ọdún mẹ́rin, kò ráyè jókòó fún ayàwòrán fún wákàtí kan. Fọ́tò ojú wọn nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ojú ṣeé kùn láti inú fọ́tò, ṣùgbọ́n èjìká ńkọ́? Ọwọ́ ńkọ́? Eyínafẹ́ bá lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá máa wọ kóòtù jókòó fún òun.

"Ojú ta ni yóò wà lókè ọwọ́ náà?" ni Pẹ́ńsùlù bi í.

"Ojú olójú ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí wàhálà. Kì í ṣe èmi ni wọ́n máa bú."

Bó ṣe di olóṣèlú nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á wọ kóòtù àyálò tó fún un lábíyá, á jókòó sídìí fèrèsé ilé àbúrò rẹ̀, á gbé ọwọ́ jáde láìtijú. Ìyá Kámẹ́rà á gbé omi wọlé, á kúnlẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Ọlọ́lá, omi yín rèé."

"Gbé e síbẹ̀, obìnrin yìí. A máa rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yín lọ́dún tó ń bọ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí Eyínafẹ́ á fi gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kámẹ́rà wà nínú báàgì Ìyá Kámẹ́rà ní gbogbo ìgbà yẹn, kò yọ ọ́. Ó rò pé bí òun bá yọ ọ́, ọwọ́ náà á tún sá wọ àpò. Ó sì rò pé àyè ṣì wà.

Àyè kò sí mọ́. Àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ bí eré ló mú ọkùnrin náà lọ kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró. Fọ́tò ojú rẹ̀ kún ilé rẹpẹtẹ, gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Ti ọwọ́, kò sí ẹyọ kan.

Ìdí nìyí tí ọkàn Ìyá Kámẹ́rà kò fi balẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà. Eyínafẹ́ ló ní kí wọ́n gba ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun láti wá ya fọ́tò. Máníjà gbọ̀ngàn ìpàtẹ náà, ọmọbìnrin kan tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, ṣàlàyé iṣẹ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà: kí ó ya olóṣèlú kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tirẹ̀, kí ojú méjèèjì hàn kedere. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kálukú yóò gbé tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tàbí sílé, sẹ́yìn géètì tí wọ́n ti ń béèrè pé ta lo wá rí.

"Ṣé mo lè ya àwọn àwòrán náà fúnra wọn kí àlejò tó dé?" ni Ìyá Kámẹ́rà bi í.

"Aṣọ ṣì wà lójú wọn, mà. Àwọn tó ni wọ́n ló máa ṣí wọn. Ojú àlejò ni ká gbájú mọ́, mà. Ojú."

Ìyá Kámẹ́rà ní ó yé òun. Nínú ara rẹ̀, ó ní ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí àti ojú, Ọlọ́run ló mọ ohun tí ọwọ́ ṣe fún yín.

Gbọ̀ngàn náà funfun láti òkè délẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé bàtà àwọn èèyàn ń hàn nínú rẹ̀. Iná kéékèèké láti òkè àjà dojú kọ ògiri. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró gangan níwájú ọ̀dà tó ń dán, fìláàṣì á ta padà, fọ́tò á sì funfun báláú. Ó yí orí fìláàṣì sí àjà, ó sì yan ẹ̀gbẹ́ tí yóò máa dúró sí. Àwọn olóṣèlú dé, pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn gbé báàgì, àti àwọn tó ń bá àwọn tó ń gbé báàgì gbé báàgì. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Wọ́n wá ka ení, èjì, ẹ̀ta, aṣọ já bọ́ lójú àwòrán mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ọkọ rẹ̀ wà lára gbogbo ògiri. Ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gbé kálàmù dání bí ẹni tó fẹ́ fàlà sórí pákó. Òmíràn gbé ọwọ́ lé ìwé òfin, ìka rẹ̀ tó kéré jù yà síta díẹ̀, bó ṣe máa ń yà tí Pẹ́ńsùlù bá ń fọwọ́ wò ó bóyá tábìlì ti jọ̀lọ̀. Àní obìnrin kan wà láàárín wọn, mínísítà. Eyínafẹ́ ti sọ ìka rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti kun èékánná rẹ̀ ní pupa fòò, ṣùgbọ́n oríkèé ìka tó ti bá òòlù jà kò ṣeé fi pamọ́. Ìyá Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pè é.

Ó mọ èyí tí òun ń wá. Nínú àwọn yòókù, Eyínafẹ́ ti fi ọ̀dà bo àpá gbogbo, kí inú àwọn ẹni ńlá lè dùn. Ṣùgbọ́n ti Alága ìgbìmọ̀ ìlú ni Pẹ́ńsùlù jókòó fún gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí àìsàn ti dé sí i lára, àbúrò rẹ̀ kò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún bó ṣe rí gan-an, tòun ti èékánná tó là. Alága fúnra rẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan, dúró síwájú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn, èrò sì ṣù bò ó. Ìyá Kámẹ́rà ya àwọn mẹ́jọ yòókù tán, ó padà wá, ilẹ̀kùn náà kò tíì ṣí.

Ọ̀rẹ́ Alága kan ló nawọ́ sí àwòrán náà tó bú sẹ́rìn-ín. "Alága, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bírìkìlà?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alága yí padà, ó wo àwòrán rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo ti ara ògiri.

"Èyí kì í ṣe ọwọ́ mi o," ló wí. "Èmi tí mi ò gbé òòlù rí láyé mi. Ta ló ya nǹkan yìí?"

Eyínafẹ́ wà nítòsí. "Èmi ni, sà."

"Ojú yìí dáa, ẹ ṣeun. Ojú yìí, èmi gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí, ẹ bá mi tún un kùn kó tó dé ọ́fíìsì mi. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Eyínafẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Láàárọ̀ ọ̀la, sà. Mo máa fi ọ̀dà bò ó." Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ìyá Kámẹ́rà, ó sì yára gbójú sílẹ̀.

Ìyá Kámẹ́rà kò bínú sí i. Ẹni tó ń bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ fún alága pé rárá? Ṣùgbọ́n ó rí àárọ̀ ọ̀la kedere: ọ̀dà tuntun, ọwọ́ tuntun tó mọ́ tónítóní, ti ọkọ òun á sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i mọ́. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ sin ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ẹ bá mi sún díẹ̀. Mo fẹ́ ya ọwọ́ yẹn kí wọ́n tó kùn ún."

"Ọwọ́? Kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ṣe, mà? Èmi alára rèé."

"Ọwọ́ ọkọ mi ni, sà."

Máníjà ti ń fi ìkánjú bọ̀ láti ìkángun gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n Ìyá Kámẹ́rà kò dúró dè é. Ó sọ ọ́ tààrà: pé káfíńtà ni, pé ọkọ òun ló wọ kóòtù jókòó nígbà tí Alága kò ráyè, pé kò jẹ́ kí òun ya ọwọ́ náà rí nítorí ojú ń tì í, pé ó ti sùn.

Alága tẹ́tí gbọ́ ọ dé òpin. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì nawọ́ ti àwọn èrò rẹ̀ sẹ́yìn.

Àyè wá ṣí sílẹ̀, ọwọ́ Ìyá Kámẹ́rà kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó gbé kámẹ́rà sójú, omi ti bo ojú náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, kò rí ju bàìbàì lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, bàìbàì náà ni. Obìnrin tó ti ya ọmọ tuntun àti òkú, ìyàwó àti arúgbó, tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rí, òun ló ń gbọ̀n bí ewé yìí.

"Ẹ gbé e wá," ni Alága wí, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ bíi búrẹ́dì.

"Kí ni, sà?"

"Kámẹ́rà. Ẹ lọ dúró ti ọkọ yín."

"Alága, ẹ jẹ́ kí n bá yín..." ni máníjà bẹ̀rẹ̀. Alága kò tilẹ̀ wò ó. Ó yí kámẹ́rà náà síwá sẹ́yìn. "Èwo ni mo máa tẹ̀ níbí?"

Ìyá Kámẹ́rà fi hàn án, ó sì lọ dúró, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan férémù. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ ara rẹ̀ sí; kámẹ́rà ló máa ń gbé dání láti ọjọ́ yìí wá. Ó rọra gbé ọ̀kan sókè, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lórí orúnkún, kò jẹ́ kó kàn án nítorí ọ̀dà. Alága tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dá kámẹ́rà padà fún un, ó fi áńkáṣífì nu imú, àwọn èrò rẹ̀ sì gbà á padà.

Lọ́jọ́ kejì, Eyínafẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kámẹ́rà wẹ́rẹ́, àpótí ọ̀dà lọ́wọ́, kò ṣí i.

"Ìyàwó wa, wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì Alága. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwòrán yẹn. Wọ́n ní bó ṣe wà ni kó wà."

Ìyá Kámẹ́rà ti ṣí fọ́tò tí Alága yà sójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń wò ó láti àárọ̀. Fọ́tò náà wọ́ díẹ̀. Kóòtù wà níbẹ̀, orúnkún wà níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì hàn títí dé èékánná tó là, obìnrin kan sì dúró tì wọ́n, ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Níbi ọrùn kóòtù, fọ́tò tán.

"Ó gé orí!" ni Eyínafẹ́ kígbe. "Ó gé orí ara rẹ̀ kúrò! Alága yìí ò mọ fọ́tò yà rárá."

"Eyínafẹ́ ọkọ mi, olóṣèlú wo lẹ rí tó ń gé orí ara rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò? Ó mọ ohun tó ń ṣe."

Eyínafẹ́ ronú sí i, ó gbà. Ó gbá àpótí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ra. "Ṣé kí n bá yín kun orí Ẹ̀gbọ́n sí i lókè? Kò ní pẹ́."

"Rárá o. Orí rẹ̀ kún ilé, ó ti sú mi."

Ó tẹ fọ́tò náà jáde ní èyí tó tóbi, ó sì gbé e ka iwájú. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń sunkún, kò sì fi ọ̀kankan pa mọ́ fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó fi ìka tọ àtàǹpàkò náà, ó tọ èékánná, ó tọ oríkèé kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé torí ìwọ̀nyí lojú ṣe ń tì yín, ọkọ mi?" ló bi Pẹ́ńsùlù. "Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe dára tó."